Ọ̀bọ Tí Kò Sá: Ìtàn Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo àti Èèwọ̀ Tí Ó Dá A Sí

Ìtàn ni iṣẹ́ tí a gbé lé wa lọ́wọ́. Orí ohun kékeré kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti fojú rí ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í sábà bi ara wa léèrè ìdí rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ igbó Ọ̀ṣun ní ọjọ́ tí èrò kò pọ̀ yóò rí ọ̀bọ. Wọn a sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, wọn a jókòó sórí ògiri, wọn a máa wo ojú àlejò àti ọwọ́ rẹ̀, bóyá ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí búrẹ́dì dání. Bí irú ọ̀bọ kan náà bá wà ní oko ẹ̀yìn ìlú, ìró ẹsẹ̀ ènìyàn lásán tó láti lé e wọ igbó lọ. Ara wọn kò yàtọ̀, ọgbọ́n wọn kò sì yàtọ̀. Kí ni ó wá fà á tí ọ̀kan fi ń sá tí èkejì kò sá? Ìdáhùn wa ni pé abẹ́ májẹ̀mú ni èyí tí kò sá ń gbé. Kò mọ ọ̀rọ̀ májẹ̀mú náà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ èrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìtàn májẹ̀mú náà, bí ó ṣe dé, bí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́, àti ibi tí ó kù sí lónìí, ni a fẹ́ sọ.

Láti Ìpólé dé bèbè odò

Àwọn baba wa ní Òṣogbo kò fi pamọ́ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti wá. Ìtàn ìlú sọ pé Ìpólé ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, tí ọ̀dá omi sì ń bá wọn fínra. Láròóyè ni olórí wọn, Olútìmẹ́hìn sì ni ọdẹ ńlá tí ó ń wá ọ̀nà níwájú. Ọdẹ yìí ni ó rí odò Ọ̀ṣun, tí ó padà lọ jíṣẹ́, tí wọ́n fi kó ara wọn wá sí bèbè odò náà ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣán ilẹ̀ láti tẹ̀dó, wọ́n gé igi ńlá kan, igi náà sì wó sínú odò. Ohùn kan jáde láti inú ibú, ó ń ráhùn pé wọ́n ti fọ́ àwọn ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ni ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Àwọn kan gbà pé láti inú ìpè tí ó pe àwọn àjèjì náà, gẹ́gẹ́ bí oṣó inú igbó, ni orúkọ Òṣogbo ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ibí yìí, nítorí a máa ń sọ ìtàn náà ní kíákíá débi pé a kì í gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ tí ènìyàn dá sí Ọ̀ṣun ní ìlú yìí, igi gígé ni. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ìpànìyàn. Ètùtù tí ó sì tẹ̀lé e kò parí sí orí ẹbọ nìkan. Ọ̀ṣun ní kí wọ́n kó ilé wọn kúrò ní etí odò, kí wọ́n gòkè lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti ga. Wọ́n gbọ́, wọ́n kó kúrò. Òun náà ṣèlérí pé òun yóò dáàbò bo ìlú, òun yóò sì fi ọmọ ta wọ́n lọ́rẹ, bí wọ́n bá ń bọ òun lọ́dọọdún.

Nítorí náà, ìdásílẹ̀ Òṣogbo kò rí bí ti ọ̀pọ̀ ìlú tí akin kan ṣẹ́gun igbó tí ó sì sọ ọ́ di ilé. Òṣogbo di ìlú nígbà tí àwọn ènìyàn gbà láti fi ibi tí ó wù wọ́n jù lọ sílẹ̀. Ojú ààfin ìgbà ìwáṣẹ̀ ṣì wà nínú igbó náà títí di òní, ibẹ̀ sì ti di ojúbọ. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ dúró sí ibi tí ọba ti fún òrìṣà ní àyè.

Májẹ̀mú yìí náà ni ó bí oyè ọba ìlú. Ìtàn sọ pé nígbà tí Láròóyè rúbọ tán ní etí odò, ẹja ńlá kan yọ sókè, ọba sì tẹ́wọ́, ó gbà á. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní Àtáọ́ja, ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ẹja di ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀ tàbí àwọ̀n mú un níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èèwọ̀ mẹ́ta ṣe dúró lórí ilẹ̀ náà: a kì í gé igi níbẹ̀, a kì í dẹ ọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja níbẹ̀. Ọ̀bọ kì í ṣe ìránṣẹ́ bí ẹja. Àlejò abẹ́ òjìji ni, ṣùgbọ́n òfin tí ó bo onílé bo àlejò pẹ̀lú.

Ohun tí èèwọ̀ pa mọ́

Igbó náà tó hẹ́kítà 75. Ojúbọ, ère àti iṣẹ́ ọnà tí ó wà nínú rẹ̀ tó 40, ààfin méjì wà níbẹ̀, ibi ìjọsìn mẹ́sàn-án sì wà lẹ́bàá odò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwòrò tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko ti ka irú igi àti ewé tí ó lé ní 400 níbẹ̀, èyí tí ó lé ní 200 nínú wọn sì jẹ́ ohun tí a ń lò fún ìwòsàn. Ẹ̀yin onífá àti ẹ̀yin oníṣègùn kò nílò kí a ṣàlàyé ohun tí èyí túmọ̀ sí. Babaláwo tí Ifá bá rán sí ewé kan, tí kò sì rí ewé náà já mọ́, dà bí aṣojú tí a gba ahọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí oko kòkó, oko ọ̀pẹ àti ilé gbígbé ṣe ń jẹ igbó wa tán, inú igbó òrìṣà ni ọ̀pọ̀ ewé wọ̀nyí kù sí. Nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ni ó ní igbó tirẹ̀ tí a kì í fọwọ́ kàn. Nínú ìwọ̀nba tí ó kù, ti Òṣogbo wà lára àwọn tí ó tóbi jù lọ.

Ọdọọdún, ní oṣù Ògún, ni ìlú ń tún májẹ̀mú náà ṣe. A ó ṣe Ìwọ́pópó, a ó tan fìtílà olójú mẹ́rìndínlógún mọ́jú, a ó ṣe Ìborí Adé, Arugbá yóò sì ru igbá lọ sí odò, ọba àti ìlú yóò sì tẹ̀lé e. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin ni ó ń ru ẹbọ gbogbo ìlú. Ifá ti kọ́ wa nínú Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá pé nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin dé ayé, tí wọ́n fojú di Ọ̀ṣun, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ni ó dàrú, títí wọ́n fi padà lọ tọrọ àforíjì. Ẹ̀kọ́ kan náà ni ìtàn ìkòkò aró kọ́ wa: ẹni tí a kò kà sí ni ó mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Ìlú kan ní Jàpáànì

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni a ní irú ọgbọ́n yìí. Ìlú àtijọ́ kan wà ní ilẹ̀ Jàpáànì tí ń jẹ́ Nara. Òun ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà láti ọdún 710 sí 784. Tẹ́ńpìlì Tōdai-ji wà níbẹ̀, níbi tí ère Buddha onídẹ kan tí gíga rẹ̀ tó mítà 15 jókòó sí, tí wọ́n sì ṣe ayẹyẹ ìlajú rẹ̀ ní ọdún 752. Ilé òrìṣà Kasuga náà wà níbẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 768. Ìtàn wọn sọ pé orí àgbọ̀nrín funfun kan ni òrìṣà ibẹ̀ gùn wá láti ọ̀nà jíjìn, tí ó fi sọ̀ sórí òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé náà. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbọ̀nrín Nara ti di ẹran òrìṣà.

Lónìí, àgbọ̀nrín tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni ó ń rìn káàkiri ìlú náà láìsí okùn lọ́rùn. Wọ́n ń kọjá ní títì, wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, wọ́n sì ń tẹ orí ba fún àlejò kí ó lè fún wọn ní bisikíìtì pẹlẹbẹ tí a ń tà fún wọn. Nígbà àtijọ́, ikú ni ìjìyà ẹni tí ó bá pa ọ̀kan nínú wọn. Igbó òkè Kasuga pẹ̀lú ní òfin: láti ọdún 841 ni wọ́n ti fi òfin de ọdẹ ṣíṣe àti igi gígé níbẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáradára. Ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ wọn jìnnà sí ara wọn, àwọn baba wa kò mọ ara wọn rí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà igbó òrìṣà wọn: má gé igi, má pa ẹran. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe èèwọ̀ wa ní òkùnkùn ní láti ṣàlàyé ìdí tí gbogbo ayé fi ń wọkọ̀ òfuurufú lọ wo èso rẹ̀ ní Nara.

Ìgbà tí èèwọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí akọ̀tàn pọ́n ìlú rẹ̀ nìkan. Òtítọ́ ni pé èèwọ̀ mẹ́ta yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́ wa lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yí padà sí ẹ̀sìn mìíràn, àwọn àwòrò ń dín kù, àwọn ojúbọ ń wó. Àwọn ọlọ́jà ohun àtijọ́ ń ra ère tí a jí gbé. Ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan ilẹ̀ náà, wọ́n gé igi ìwáṣẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gbin igi tíìkì rọ́pò. Àwọn ọdẹ wọlé, àwọn apẹja wọlé. Ní àkókò náà, ó dájú pé ọ̀bọ igbó Ọ̀ṣun náà kọ́ bí a ti ń sá.

Ohun tí ó gba igbó náà là ni pé àwọn tí ó nífẹ̀ẹ́ sí i fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Susanne Wenger, tí a bí ní Graz ní ilẹ̀ Austria ní 1915, dé Nàìjíríà ní 1950 pẹ̀lú Ulli Beier ọkọ rẹ̀. Àìsàn dá a wó, ó sì ṣalábàápàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ẹni tí ó mú un wọ inú ìmọ̀ òrìṣà. Àdùnní Olórìṣà ni a wá mọ̀ ọ́n sí. Ní Òṣogbo, ní ìgbà Ọba Samuel Adénlé, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn àwòrò àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú láti tún àwọn ojúbọ kọ́. Kò yẹ kí a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni pé òun nìkan ni ó ṣe é. Adébísí Àkànjí tí ó fi sìmẹ́ǹtì ṣe ògiri àti ẹnu ọ̀nà, Buraimoh Gbàdàmọ́sí tí ó gbẹ́ òkúta, Kàsálí Àkàńgbé Ògún tí ó gbẹ́ igi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ọmọ ìlú ni wọ́n, ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ náà fi dúró.

Ọgbọ́n kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ère kékeré tí a fi igi gbẹ́, olè lè fi aṣọ bò ó kí ó sì gbé e lọ ta. Ère sìmẹ́ǹtì tí ó ga ju ilé lọ kò ṣe é gbé. Bẹ́ẹ̀ ni igbó tí kò ní ààlà tí ojú lè rí, àgbẹ̀ lè máa fi àdá jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ògiri bá dúró, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ ibi tí ilẹ̀ òrìṣà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kó gbogbo hẹ́kítà 75 pọ̀. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ogún àgbáyé. Nígbà tí Àdùnní Olórìṣà wàjà ní ọdún 2009, ọ̀bọ ti padà sórí ògiri.

Irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Nara, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ebi mú kí àwọn ènìyàn pa àgbọ̀nrín jẹ títí tí ó fi ku 79 péré. Òfin ìjọba ọdún 1957 tí ó sọ wọ́n di ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè wà lára ohun tí ó dá wọn sí. Ní Boabeng àti Fiema ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí a ti ń sin òkú ọ̀bọ bí a ti ń sin ènìyàn, àwọn kan tí kò ka èèwọ̀ náà sí mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, títí wọ́n fi ṣe òfin lé e lórí ní 1975. Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èèwọ̀ ni ó kọ́kọ́ dé, òfin ìjọba sì wá tì í lẹ́yìn nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́. Ìjọba kò lè dáàbò bo ohun tí kò sí mọ́. Bí kì í bá ṣe pé àwọn àwòrò ti pa igbó mọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kí ni ìjọba ìbá rí kọ sínú ìwé ní 1965?

Ibi tí ògiri kò dé

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan wá lónìí. Ògiri lè dá àdá dúró, ó sì lè dá ìbọn dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá omi dúró. Odò Ọ̀ṣun kò ti inú igbó Òṣogbo ṣàn. Ìgèdè-Èkìtì ni ó ti ṣẹ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohunkóhun tí wọ́n bá sì ṣe sí i lókè ni yóò gbé wá sí ẹsẹ̀ ojúbọ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní wúrà nínú. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn awawúrà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ nínú àwọn odò kéékèèké tí ó ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun. Omi tí a mọ̀ ní mímọ́ gaara wá pọ́n bí ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Mẹ́kúrì tí àwọn awawúrà fi ń kó wúrà jọ, májèlé ni. Bí ó bá wọ omi, ẹja a gbé e mì, ẹni tí ó bá jẹ ẹja náà a gbé e sára. Ní 2022, ìjọba kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Ẹ rò ó wò: omi tí àwọn ìyá wa ń bù nínú kèǹgbè láti fi wá ọmọ ni a ní kí a má fi kan ẹnu.

Ẹnì kan lè sọ pé àìṣẹ́ ni ó gbé ọ̀dọ́ wọ inú kòtò wúrà, pé èèwọ̀ kò kún ikùn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn gbé e jù. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó ń fọ ẹrẹ̀ kò di ọlọ́rọ̀. Lọ́wọ́ ẹni tí ó ń rà á ni wúrà ń kún sí, májèlé sì ń kù sí ara ọ̀dọ́ náà àti inú kànga ìyá rẹ̀. Kí ó tó kan Òṣogbo, ó ti kan Ìjẹ̀ṣà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìjà láàrin ìlú méjì. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Àwọn tí wọ́n ti Ìpólé wá kò gbọdọ̀ bá ilé baba wọn jà. Wọ́n ní láti lọ bá a sọ̀rọ̀.

Kí a tó nàka sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ tiwa. Lẹ́yìn ọjọ́ ọdún, kí ni a máa ń rí ní etí odò? Ọ̀rá omi, ike, àti àwọn nǹkan tí a kó oúnjẹ sí. Ní Nara, ní 2019, wọ́n ṣàyẹ̀wò àwọn àgbọ̀nrín tí ó kú, wọ́n sì bá ọ̀rá nínú ikùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àlejò tí ó nífẹ̀ẹ́ àgbọ̀nrín ni ó sọ ọ̀rá sílẹ̀. Àwa náà, búrẹ́dì inú ọ̀rá ni a máa ń fún ọ̀bọ. Èyí tí kò sá fún wa lè kú nítorí pé kò sá.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí ó bá gbàgbé ohun tí ó dá a sílẹ̀. Ìmọ̀ràn wa kò ju mẹ́ta lọ. Èkínní, kí a kọ́ ọmọ wa pé rírú igbá àti ìkóra-ẹni-níjàánu láti má gé igi, iṣẹ́ kan náà ni. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má gbé ọ̀rá tàbí ike wọ inú igbó, kí a fi ewé àti igbá ṣe é bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Ẹ̀kẹta, kí àwọn onífá àti àwọn olórìṣà ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti ní gbogbo ìlú tí odò gbà kọjá jókòó pọ̀, kí wọ́n tọ Àtáọ́ja, Ọwá Obòkun àti àwọn ọba yòókù lọ, kí a lè mú èèwọ̀ Ọ̀ṣun gòkè odò lọ títí dé ibi tí omi ti ṣẹ̀.

Igi kan ni ó wó sínú omi ní àtètèkọ́ṣe, Ọ̀ṣun sì sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa gbọ́, wọ́n sì kó ilé wọn kúrò. Lónìí, òkìtì ẹrẹ̀ ni ó ń wó sínú odò, omi sì ti pọ́n. Ìyẹn náà ni ohùn rẹ̀. Kí Olódùmarè fún wa ní etí tí Láròóyè fi gbọ́ ti ìjọ́sí. Kí omi Ọ̀ṣun padà mọ́, kí ẹja rẹ̀ má tán, kí ọ̀bọ má ṣe kọ́ bí a ti ń sá mọ́. Àṣẹ.